Ìyá Alọ́ṣẹ àti Òdòdó Irúgbá

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, ọ̀kan nínú àwọn tó wá kí wa bi mí pé irú ènìyàn wo ni màmá náà jẹ́. Ẹnu ti rẹ̀ mí láti àárọ̀, mo kàn dá a lóhùn pé wọ́n fẹ́ràn òdòdó. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n sí Ìyá Alọ́ṣẹ ní Odawna, ní Àkrà, kò jẹ́ so orúkọ wọn mọ́ òdòdó láyé. Ìyá tó ń jágbe mọ́ oníbàárà, tó máa ń fi ojú wọn ènìyàn láti òkè délẹ̀ kó tó dáhùn ìkíni, tó sì bá aládùúgbò kan yan odì fún odidi ọdún kan nítorí pé onítọ̀hún jókòó lórí àpótí ọṣẹ. Síbẹ̀ òótọ́ ni mo sọ. Òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ràn, òdòdó irúgbá, orí igi kan ṣoṣo ló sì wà, lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní ìlú wa, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa bá a lórí igi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé igi náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irúgbá ni igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú tí a ń fi sí ọbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ewé rẹ̀ bá ti gbọ̀n dànù, ó máa ń yọ òdòdó roboto-roboto, pupa bí ata, tí ń rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í pẹ́ lórí igi. Ọ̀sẹ̀ méjì, bó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á ti já sílẹ̀, ewúrẹ́ á máa jẹ ẹ́. Omi dídùn kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọdé máa ń fà mu. Ìyá tó bí Ìyá Àgbà ló ni igi náà, abẹ́ rẹ̀ ló ti ń ṣe irú, abẹ́ rẹ̀ náà ló sì ti tọ́ ọmọ. Nígbà tí Ìyá Àgbà ń bá ọkọ wọn lọ sí Gánà, ìgbà òjò ni, ewé nìkan ló wà lórí igi. Ìyá wọn sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ó ní, "Padà wá bá òdòdó o. Ti ọmọ ilé ni òdòdó, àlejò ni èso ń dúró dè." Kí Ìyá Àgbà tó padà wá, ìyá wọn ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn mọ́. Bí ẹlòmíràn ṣe ń wá ọmọ ni wọ́n ń wá òdòdó yìí, nítorí lójú wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá bá a lórí igi ni wọ́n tó padà di ọmọ ilé.

Kò sí ohun tí Ìyá Àgbà kì í dúró dè títí àsìkò rẹ̀ á fi tó. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà, dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Lásísì ló sì ń kó o wá fún wọn láti ilé nínú ọkọ̀ ẹrù. Àwọn alọ́ṣẹ yòókù máa ń bù ú tà lọ́jọ́ tó bá dé. Ìyá Àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tú u kúrò nínú ewé, wọ́n á tò ó sórí pákó níbi tí oòrùn kò dé, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Bí oníbàárà bá ní ó ti tó, wọ́n á ní kò tíì tó. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ọṣẹ tí yóò fi wẹ ọmọ tuntun, ó bẹ̀ wọ́n títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tó yíjú pé òun ń lọ ni wọ́n pè é padà, wọ́n fún un ní ọṣẹ ìwẹ̀ tiwọn tó kù nínú igbá, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní, "Ọṣẹ tí kò tíì gbẹ, omi ni ènìyàn ń rà."

Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ òdòdó náà, ọ̀dọ̀ Àfáà Bùrémọ̀ ló ti wá. Àfáà yìí ló ń kọ́ àwa ọmọ Yorùbá ní kéwú ní ojúde wa. Lọ́dún kan, ẹnì kan tó ti ilé dé sọ pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀ ni irúgbá tanná. Ìyá Àgbà di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ọdún kejì, wọ́n gbé ààwẹ̀ lọ sílé, wọ́n gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn gẹ́lẹ́, ìrudi nìkan ni wọ́n bá lórí igi. Wọ́n ní bóyá ara igi náà ni kò yá. Ọdún kẹta, wọ́n tún lọ nínú ààwẹ̀, wọn ò tilẹ̀ bá ìrudi, ewé ṣì wà lórí igi minimini. Tìbínú-tìbínú ni wọ́n fi padà wá bá Àfáà. Àfáà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú, ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ọdọọdún ni oṣù ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú, pé igi kì í bá a sún. "Ìyá, òjò ni igi ń kà. Kì í ka oṣù." Ìyá Àgbà ní kí ló dé tí kò tètè sọ. Àfáà ní ẹnikẹ́ni kò bi òun. Wọ́n bá Àfáà yan odì títí di ọdún Iléyá, ṣùgbọ́n wọn ò ṣíwọ́ fífi ọṣẹ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi ni mo ń gbé e lọ. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Àfáà, Ìyá ní kí n gbé ọṣẹ yìí wá, wọ́n sì ní kí n má bá wọn kí yín."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò wọn nílé. Bàbá Àjàní ni à ń pè wọ́n, wọ́n fẹ́ràn yẹ̀yẹ́, kò sì sí ẹni tí wọn kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àdéhùn wọn ni pé bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí Bàbá Àjàní já ẹ̀ka irúgbá kan tòun ti ìrudi rẹ̀, kó fún Lásísì. Bí ìrudi bá ṣì tutù, ó kù. Bí ó bá ti ń pọ́n, kí Ìyá Àgbà di ẹrù. Ọgbọ́n tó dára ni, bí kò bá jẹ́ pé àárín ọṣẹ ni Lásísì máa ń ki ẹ̀ka náà sí. Ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ tapólì, nínú ooru, ìrudi tó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí a já a á ti pọ́n kó tó dé Àkrà. Ìyá Àgbà á rí pupa, wọ́n á sáré di ẹrù, wọ́n á délé, ìrudi tútù ni wọ́n máa bá lórí igi. Wọ́n á dúró títí owó ọjà á fi fẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn wọn, wọ́n á padà. Òdòdó á tàn lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bá lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní wọn ò gba ẹ̀ka gbọ́ mọ́, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n bá, àti ewúrẹ́.

Gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, Bàbá Àjàní á dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n á ní, "Àlejò wa láti Gánà, ẹ káàbọ̀ o." Yẹ̀yẹ́ ni lójú tiwọn. Ìyá Àgbà kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́dún ewúrẹ́ yẹn, ìjà náà le débi pé wọn ò jẹun nílé àbúrò wọn fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ já ẹ̀ka tí kò péye ni, kó lè máa pe òun ní àlejò. Bàbá Àjàní búra. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mò ń tan òdòdó."

Ní Àkrà náà, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n kì í ṣe ti ọmọ ilé. Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá, ọṣẹ dúdú tí à ń tà ni wọ́n sì ń pè ní Alata samina, ìyẹn ọṣẹ Alata. Ẹni tó ni ilé tí à ń gbé, obìnrin Gã kan, ọmọ onílẹ̀ Àkrà, tó ń jẹ́ Naa Dede, Alata Maame, ìyẹn Ìyá Alata, ló ń pe Ìyá Àgbà. Kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, ló ń tà. Ìjà tí òun àti Ìyá Àgbà jọ jà lórí omi, lórí èéfín, lórí adìẹ, n kò lè kà á tán, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ Ìyá Àgbà kú, Naa Dede ló sùn ti wọ́n lórí ẹní fún ogójì ọjọ́. Àwọn méjèèjì ti jọ gbé ju bí tọkọtaya ṣe ń gbé lọ. Àwọn òbí mi wà ní Kumasi nígbà náà, ọwọ́ àwọn ìyá méjì yìí ni mo dàgbà sí.

Mo ti dé ibi tí mo ti ń sá fún. Inú ààwẹ̀ ni a wà, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí ìjọba Gánà kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó ní ìwé nínú wa. Ta ni yóò lọ gba ìwé láti gbé níbi tó ti ń gbé? Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó máa ń kí wa ní òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn bí a bá ń kọjá. Àwọn kan ń dúró níwájú ọjà wa, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹrù òkú. Èmi rò pé a ṣe nǹkan burúkú kan ni, mo sì ń wá a kiri nínú ọkàn mi.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọlọ́pàá kan wá sí ìsọ̀ wa, ó ní kí Ìyá Àgbà mú ìwé wá. Kí wọ́n tó lanu, Naa Dede ti sáré dé.

"Àbúrò mi ni," ó ní. "Ọmọ Gã ni. Bàbá kan náà ló bí wa."

Ọlọ́pàá náà ì bá gbà. Ó wo ojú méjèèjì, ó ti ń yíjú àtilọ. Ìyá Àgbà ni kò jẹ́ kó lọ.

"Ọ̀gá, ẹ dúró. Kí ni ẹ̀ ń pe ọṣẹ yìí?"

"Alata samina, Maame."

"Ẹ ṣeun. Èmi ni Alata náà."

Ọlọ́pàá náà wolẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, bóyá ìyá rẹ̀ ló ń fi ọṣẹ náà wẹ̀ ẹ́ nígbà kan. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Naa Dede fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Ìyá Àgbà lọ́jọ́ náà. Ó ní orí wo ni wọ́n fi ń ronú, pé irọ́ kékeré kan ló kù kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà parí. Ìyá Àgbà ń ká ọṣẹ wọn lórí pákó, wọn ò gbójú sókè. "Dede, n kò lè máa sápamọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ nínú ilé tí mo ti jẹ́ orúkọ mi."

Mo ti bínú sí wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń rò ó pé ìgbéraga wọn ló mú wa rìn ní ọ̀nà yẹn. Nígbà tí èmi náà dàgbà, tí mo ti gbé nílùú onílùú, ó yé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, ọṣẹ tí Lásísì kó wá kẹ́yìn ṣì wà lórí pákó, kò tíì gbẹ. Naa Dede ń sunkún, ó ń sọ "due, due", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó ní kí ni kí òun ṣe sí ọṣẹ náà. Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan wò. "Má tíì tà á. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá." Bí wọ́n ṣe dágbére nìyẹn.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà. A dé Aflao, ní ẹnubodè, a bá èrò bí omi. A sùn síbẹ̀ ní òru mélòó kan lórí ẹrù wa, Ìyá Àgbà sì ń gba ààwẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àfáà sọ pé ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò kó jẹun. Ilẹ̀ Dahomey ni a wà nígbà tí oṣù ọdún lé. Ẹnì kan kí wọn kú ọdún. Wọ́n dáhùn, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún yẹn, òjò tètè lọ nílé, ọyẹ́ sì tètè dé. Nígbà tí Lásísì já wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ ni, Bàbá Àjàní ti ń sáré bọ̀, èyí tí n kò rí wọn ṣe rí. Wọn ò dọ̀bálẹ̀, wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Àná ló tàn. Gbogbo rẹ̀ ló tàn." Mo yọjú láàárín ilé méjì, mo rí igi náà. Kò sí ewé kan lórí rẹ̀, pupa ló rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, oyin ń kùn níbẹ̀. N kò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà kò lọ. Wọ́n gba ọwọ́ wọn padà, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ní kí wọ́n pa fèrèsé ẹ̀yìn dé. Ẹni tí a rò pé yóò sáré ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ ni òdòdó náà fi wà lórí igi, n kò rí wọn kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń lọ sódò, ọ̀nà iwájú tó jìn ni wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá ń kírun, ibi tí ògiri bò wọ́n ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Àwọn ará ilé ní ìdààmú ti gbà wọ́n lọ́kàn. Bàbá Àjàní lọ bá wọn níkẹyìn, wọ́n kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde wá wo òdòdó ìyá wọn kó tó tán. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ èsì náà. "Lílé ni ìjọba lé mi wá bá a, Àjàní. Èmi kọ́ ni mo wá."

Èmi ní tèmi lọ. Àwọn ọmọ ilé kọ́ mi bí a ṣe ń fà á mu. Mo wọlé, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti yí mi lẹ́nu. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra, wọ́n fi etí ìró nù mí lẹ́nu, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Ìyá."

Wọ́n wá sunkún. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí omijé wọn nìyẹn, mo sì bá wọn sunkún, n kò mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí ìjọba mìíràn tó dé ní Gánà, tí ọwọ́ òfin náà fi dẹ̀. Naa Dede ránṣẹ́ pé ìsọ̀ ṣì wà. Gbogbo ilé ní Ìyá Àgbà kò gbọdọ̀ lọ, wọ́n ní kí ni wọ́n gbàgbé síbi tí a ti lé wọn bí ajá. Bàbá Àjàní ní àgbà ti dé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wo òdòdó wọn lọ́dọọdún. Òótọ́ sì ni, láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, igi náà ń tanná, fèrèsé ẹ̀yìn sì ń wà ní pípadé. Mo bi wọ́n léèrè lálẹ́ tí wọ́n ń di ẹrù pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ síbi tí màá ti wá ni."

Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Àjàní nítorí ilé ẹ̀kọ́. Ọyẹ́ dé, Bàbá Àjàní já ẹ̀ka, wọ́n fún Lásísì. Lásísì gbé e padà wá, ó ní Ìyá ní kí òun má gbé ẹ̀ka wá fún wọn mọ́. Òdòdó tàn, a retí wọn. Òdòdó já, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ̀ Lásísì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí Ìyá Àgbà sì sọ̀ kalẹ̀, ìró tuntun lára wọn, igbá ọṣẹ lórí wọn. Wọn ò yà sí ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ, a tẹ̀ lé wọn.

Èso tútù ló rọ̀ lórí igi. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò ó láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Wọn ò yára.

Bàbá Àjàní dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún pẹ́. Àlejò náà ni yín."

Mo ń retí ìjà. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní Àkrà. "Àlejò ni mí, Àjàní," ni wọ́n wí. "Àlejò ló ń yan ọjọ́ tó máa dé." Wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi ìyá wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ bu omi wá fún àlejò.